Adájọ́ Inú Irà

"Ẹyẹ wo ló máa mọ̀ pé mo wà níbẹ̀? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́! Bí mo bá ti jókòó sínú àtíbàbà tí mo fi ń sá pamọ́ fún ẹyẹ, tí mo di kámẹ́rà mú, ikú gan-an á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, á ní kùkùté igi ni. Láyé mi, ohun abẹ̀mí kankan ò tíì rí mi kí n tó rí i. Kò sì ní í ṣẹlẹ̀!"

Bí Ojú-Àwòdì ṣe ń fọ́nnu nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò, ó ń fi ife tíì júwe ògiri. Ògiri ọ̀hún kún bámúbámú: ẹyẹ tó ń fò, ẹyẹ tó ń tòògbé, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jalè, ejò tó ń bọ́ awọ bí ẹni tó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wá gba fọ́tò ìwé ìrìnnà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ìyá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé bó bá rìn lórí ewé gbígbẹ, ewé náà ò ní gbọ́. Ó ń gé etí fọ́tò lórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, kò gbójú sókè, "ẹ ti da tíì sí ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni lórí."

Òótọ́ ni. Fọ́tò ìgbéyàwó oníbàárà kan ló wà lábẹ́ ife. Ṣọ́ọ̀bù tún hó gèè. Ojú-Àwòdì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín eyín lásán ni, inú ò bá a rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ nìyí. Lẹ́yìn ìlú, irà ńlá kan wà tí ìfèéfé bò. Ẹyẹ eléèérú kan ń gbé ibẹ̀, ọrùn gígùn, ẹsẹ̀ tín-ín-rín. Bó bá dúró sínú omi, kì í mira. Ńṣe ló máa ń wo èèyàn bí ẹni tó ti ka ẹ̀sùn rẹ̀ tán tó kàn ń dúró kó parí irọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán fi ń pè é ní Adájọ́. Àjọ tó ń tọ́jú irà náà fẹ́ ṣe ìwé fọ́tò ńlá kan, wọ́n ní ẹni tó bá ya Adájọ́ níbi tó ti na ìyẹ́ méjèèjì, tó kọjú síwájú gbangba, òun ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ gbogbo ìwé náà fún. Ojú-Àwòdì ti ya ìdí Adájọ́ láìmọye ìgbà. Jẹ́jẹ́ ti yà á níbi tó ti ń gbé ẹja mì. Alága àjọ wo fọ́tò Jẹ́jẹ́, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rí ohun tó ń wá.

Ìmí yẹn há Ojú-Àwòdì lọ́fun bí egungun ẹja. Òun tó kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú! Òun tó ra bàtà rọ́bà àkọ́kọ́ fún un! Akẹ́kọ̀ọ́ wá fẹ́ fa àga lábẹ́ ọ̀gá, ìdí ọ̀gá sì wà lórí àga.

*

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n kùrukùru bo irà tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi rí bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Ojú-Àwòdì kan ilẹ̀kùn ilé pákó kan tó dá dúró létí omi. Arúgbó tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Baba Etí-Irà. Wọ́n ní ó máa ń bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀wù, á lọ wọ ti ẹranko. Àwọn tó gbọ́ ọ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn tó rí i kì í sọ nǹkan kan.

"Wọlé. Bọ́ bàtà."

Ilẹ̀ tutù bí ikùn ẹja. Sítóòfù irin ń jó ní igun, ìyẹ́ ẹyẹ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ rọ̀ wálẹ̀ láti àjà, wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò sí afẹ́fẹ́.

"Kí lo bá wá?"

"Baba, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú o."

"Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Àbúrò mi ni. Ọmọ dáadáa ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú."

"Ibi tí wọ́n máa ń gbà kọjá nìyẹn."

"Mo kàn fẹ́ kí ojú rẹ̀ má rí ẹyẹ yẹn. Fún ìgbà díẹ̀. Títí wọ́n á fi yan ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn."

Baba fẹ̀yìn ti ògiri. Ó dijú. Ìmí rẹ̀ ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí Ojú-Àwòdì fi rò pé ó ti parí. Ọrùn arúgbó náà gùn. Títí dòní Ojú-Àwòdì máa ń búra pé ọrùn yẹn gùn. Ẹsẹ̀ kan ká sókè lábẹ́ ẹ̀wù. Nígbà tí ojú yẹn là, ó rí roboto, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì ṣẹ́jú. Ohùn tó jáde ń ha bí irin lára irin:

"Gbogbo ìgbà tó o mú àwòrán mi, ṣé o tọrọ àyè?"

"Mo tọrọ," ni Ojú-Àwòdì wí. Irọ́ ni. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ohunkóhun rí, ì báà ṣe ẹyẹ, ì báà ṣe èèyàn.

Ojú pípọ́n náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà Baba wúkọ́, ó di arúgbó padà, òógùn bò ó. Ó fa ike fíìmù àtijọ́ kan jáde, irú èyí tí Ojú-Àwòdì ti dà nù lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n fi òwú dúdú so ọmọrí rẹ̀. Ohun kan ń rá pálá nínú rẹ̀.

"Fi í sábẹ́ ìjókòó àtíbàbà. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wọlé, tí ẹnì kan jáde, ẹni tó bá kù síbẹ̀ ni yóò bò lójú."

"Ṣé kò ní í dùn ún?"

"Ta ni?" ni Baba Etí-Irà wí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

*

Àwọn tó ń ya ẹyẹ ní ọgbọ́n kan. Bí ẹnì kan bá wọ àtíbàbà lójú ẹyẹ, ẹyẹ ò ní súnmọ́ ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá jọ wọlé, tí ọ̀kan jáde, tó ń lọ gbangba lójú rẹ̀, ẹyẹ á gbà pé ilé ti ṣófo, torí pé ẹyẹ ò mọ ìṣirò. Ọjọ́ pẹ́ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ti ń ṣe é fún ara wọn: bí ọ̀kan bá jókòó lónìí, òmíràn á jókòó lọ́la. Wọn ò jà lórí rẹ̀ rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ló kàn láti jókòó. Ike ti wà níbi tó yẹ kó wà, Ojú-Àwòdì ti lọ fi í síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n tọ afárá pákó lọ láìsọ̀rọ̀. Adájọ́ wà lókèèrè nínú omi, ó dúró gbagidi. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wọlé. Ojú-Àwòdì ti ń yíjú padà láti jáde nígbà tí Jẹ́jẹ́ gbá a lápá mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Èmi ni mo máa lọ."

"Kí ló dé? Ìwọ ló kàn!"

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin ni ìwé yẹn tọ́ sí. Ta ló kọ́ mi?"

"Rárá o! Jẹ́jẹ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Jókòó. Mo ní kó o jókòó!"

"Ẹ tún ń pariwo. Ẹyẹ á gbọ́." Ó tú mọ́fúlà ọrùn rẹ̀, ó wé e mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn, ó fà á le bí ìyá tó ń wọṣọ ilé ìwé fún ọmọ. "Atẹ́gùn irà ò dáa. Ẹ ya ìyàlẹ́nu fún wa." Ó ti lọ.

Ojú-Àwòdì kù.

Nǹkan yí lábẹ́ ìdí rẹ̀. Kírí. Kírí. Ó fò dìde, ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ pákó. Kò sí ike. Ó gbọ́ ọ níbi tó ti ń yí lọ lábẹ́ ilẹ̀ pákó, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń wá ilé oníǹkan. Ẹni tó bá kù! Akọni wa ò tún dúró gba àlàyé mọ́. Ó forí gbá àjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sí ìdúró kámẹ́rà, ìṣó fà á ní mọ́fúlà, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì tú síta bí adìyẹ tí wọ́n fi omi gbígbóná lé. Adájọ́ pariwo kan, ó gbéra ńlẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ti yíjú padà, ó ń sáré bọ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Ejò ni? Ṣé ejò ni?"

Ojú-Àwòdì rọ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ afárá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kámẹ́rà yín ńkọ́? Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀? Ẹ máa mí, ẹ máa mí, mo ń lọ gbé e." Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Má wọlé. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó tilẹ̀ ń gbọ́ adùn rẹ̀. Ó sì rántí ìmí tí alága mí kanlẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ títí aṣọ àtíbàbà fi bò ó.

Jẹ́jẹ́ pẹ́ nínú àtíbàbà. Lókèèrè, Adájọ́ ti bà sórí òpó kan. Kò wo àtíbàbà. Ojú-Àwòdì ló ń wò, òun nìkan.

Jẹ́jẹ́ jáde, ó gbé kámẹ́rà mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú ọ̀tún.

"Nǹkan kékeré kan wọ̀ mí lójú," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ dúpẹ́, lẹ́ńsì yín ò fọ́."

*

Nǹkan kékeré yẹn ò jáde. Omi ló kọ́kọ́ ń dà, lẹ́yìn náà awọ fẹ́lẹ́ kan bo ẹyinjú, ó funfun bí èémí lára dígí. Ilé ìwòsàn ojú fi iná wò ó, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n ní àwọn ò rí ìdí rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀kán tí wọ́n ń kán sójú. Ojú ọ̀tún ni, èyí tó fi ń wo inú kámẹ́rà.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Màmá wọn di Ojú-Àwòdì lọ́wọ́ mú. "Ọpẹ́ ni pé ó ní ẹ̀gbọ́n bíi tìẹ," ló wí. "Bí kò bá sí ìwọ, ta ni ì bá máa mú un lọ, máa mú un bọ̀?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo sọ? Ó ń sunkún! Ẹ wò ó, ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀." Gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ kẹ́dùn, obìnrin kan tilẹ̀ fún un ní áńkáṣíìfù. Ó gbà á. Kí ni ì bá ṣe?

Ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí Ojú-Àwòdì tẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ohun kan dúró ní igun rẹ̀: eléèérú, tẹ́ẹ́rẹ́, òòró gangan. Ó nu lẹ́ńsì. Ó pààrọ̀ lẹ́ńsì. Ó yá kámẹ́rà ẹlòmíràn. Ohun náà tún dúró síbẹ̀, ó sì ti súnmọ́ iwájú díẹ̀.

"Ọ̀gá," ni ọkùnrin kan tó wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà wí, "ta ni èyí lẹ́yìn mi?"

"Aṣọ ìkélé ni."

"Aṣọ ìkélé ní ojú?"

"Ìgbàlódé ni!" ni Ojú-Àwòdì jágbe, ó sì ti ọkùnrin náà síta.

*

Ó sá lọ bá Dókítà Ewé, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan, nítorí ojú Jẹ́jẹ́. Tìyẹn ò dà bí Baba Etí-Irà rárá. Àárín ìlú ló wà, lókè ilé oníbàtà, ó ní pátákó, ó ní àga tó ń yípo, ó sì ń pariwo bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Kò tíì fọwọ́ kan mọ́fúlà Jẹ́jẹ́ tí Ojú-Àwòdì mú wá tán tó fi fò sókè.

"Wọ́n rán an sí i! Mo rí i kedere! Ọ̀tá ni! Ọ̀tá inú ilé!"

"Bóyá kì í ṣe ọ̀tá tààrà."

"Ọ̀dàlẹ̀ pọ́ńbélé ni! Ẹni tó ń fi ọ̀tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tó ń fi òsì gbẹ́ ilẹ̀ dè é! Ìkà! Ẹlẹ́nu dídùn!"

"Dókítà, ẹ rọra, àwọn oníbàtà ń gbọ́."

Dókítà Ewé fi dígí kékeré kan tí wọ́n fi awọ rán yíká lé e lọ́wọ́. "Ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ohun tó wà lójú rẹ̀ á bọ́ sínú dígí, dígí á sì dá a padà fún ẹni tó rán an. Tààrà!"

Ojú-Àwòdì yí dígí náà sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. "Ṣé kò sí èyí tó lè ṣèèṣì sọnù sójú ọ̀nà?"

"Kí ni yóò sọnù?"

"Bí ẹrù ṣe ń já bọ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́."

Àga tó ń yípo dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Dókítà Ewé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, èwo ló ń dùn yín nínú ojú yín méjèèjì?"

"Kò sí."

"Hùn," ni Dókítà Ewé wí. "Kò tíì sí."

Ó mú dígí lọ sílé, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun á fi í sábẹ́ ìrọ̀rí lọ́la. Ọ̀la dé, ó ní ọ̀la. Ẹni tó ju òkò, tí òkò náà sì máa padà bà á lójú, ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dá a. Ó ń dá a lójoojúmọ́, ó sì ń sún ẹjọ́ síwájú.

Nígbà náà ni ojú òsì Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi.

*

Ojú-Àwòdì lọ kí i lọ́jọ́ kan nírọ̀lẹ́. Fèrèsé yàrá Màmá ṣí sílẹ̀, ó sì rí i láti ìta. Jẹ́jẹ́ dá wà nínú yàrá. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń kọ́ ọ̀nà láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó fi orúnkún gbá àga. Kò kígbe. Ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni lóòótọ́: bó ti ń fọ́jú lọ gan-an, kò pariwo.

Ojú-Àwòdì ò wọlé. Ọ̀nà irà ló gbà.

"Baba, ẹ gbà á padà!"

Baba Etí-Irà ń fọ ìkòkò, kò wẹ̀yìn. "Ajá ni kí n fi súfèé pè é? Oògùn ò mọ ìṣirò, bí ẹyẹ. Kò mọ Jẹ́jẹ́, kò mọ ọ́. Ẹni tó bá kù ló mọ̀. Lọ kù."

"Kí èmi lọ kù?"

"Má gbé kámẹ́rà dání. Kí ẹni tó ń lọ sì mọ ìdí tó fi ń lọ." Arúgbó náà da omi ìkòkò nù. "Apá tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń nira. Ojú rọrùn."

*

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi dígí lé Màmá lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí Jẹ́jẹ́, kí wọ́n má bi òun ní nǹkan kan. Ó fa Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ lọ sórí afárá pákó. Wọ́n wọ àtíbàbà. Ó jókòó. Lábẹ́ ilẹ̀, kírí.

"Jẹ́jẹ́, ojú rẹ yẹn, èmi ni."

"Kí ni ẹ̀yin?"

Ó sọ ọ́. Kò sọ ọ́ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí alága, ó fò sórí ike, ó padà sórí Baba, ó ń fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe fún ẹni tí kò ríran.

"Nígbà tí mo fẹ́ lọ gbé kámẹ́rà yín," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ó dáa." Ó na ọwọ́, ó táràrà títí ó fi kan ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tú mọ́fúlà tó wà níbẹ̀, ó wé e mọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó jáde. Ojú-Àwòdì ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára irin afárá, ó ń lọ, ó ń lọ, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Adájọ́ wá. Ó rìn nínú omi láìdá omi rú, ó dúró síwájú ihò àtíbàbà, ó súnmọ́ débi pé Ojú-Àwòdì ń rí omi tó ń kán ní ẹnu rẹ̀. Ó na ìyẹ́ méjèèjì. Ó kọjú sí i gbangba. Fọ́tò tí gbogbo ayé ń wá nìyẹn! Ìka ọkùnrin náà ń tẹ afẹ́fẹ́.

"Mo tọrọ àyè," ni Ojú-Àwòdì wí, "kí n wò ọ́."

Nínú ojú pípọ́n yẹn, ó rí ọkùnrin kékeré kan tó lóṣòó sínú àpótí, tó rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Kò sí ẹyẹ tí kò rí i. Ike dákẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Nǹkan kan ká ìyẹ́, ó tutù, ó wọ inú ojú ọ̀tún Ojú-Àwòdì, ó sì dúró.

*

Ojú Jẹ́jẹ́ ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, òsì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ yìí ló pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ Màmá. Ọwọ́ Dókítà Ewé ń fò sókè.

"Dígí mi ni! Tààrà ló dá a padà!"

"Dígí," ni Baba Etí-Irà wí, "ni wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n."

"Oògùn ẹ̀kán ńkọ́?" ni Màmá wí. "Èmi ni mò ń kán an sí i lójú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da iṣẹ́ àwa àgbà rú!"

Ojú-Àwòdì ò gbọ́ wọn. Ó fi òwú bo ojú ọ̀tún, kò sì wúlò fún un. Ẹni eléèérú náà dúró lẹ́yìn Màmá. Bó bá yíjú, ó dúró lẹ́yìn Dókítà. Bó bá sùn, ó dúró. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó dìde láàárín ariwo, ẹ̀gbọ́n, ó kúnlẹ̀ fún àbúrò.

"Jẹ́jẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Gba ìwé yẹn. Gba ṣọ́ọ̀bù. Sáà bá mi sọ̀rọ̀."

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ là. Fóònù rẹ̀ ló dún, ó gbé e sétí.

"Ẹ káàsán, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti yé mi. Ẹ ṣeun, sà." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ta ni?" ni Màmá bèèrè.

"Alága ni. Wọ́n ti yan ẹni tó máa ṣe ìwé náà. Ó lo dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò yẹn. Ó mú un fò sókè irà, Adájọ́ gbójú sókè, ó na ìyẹ́ méjèèjì."

Ojú-Àwòdì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Wọ́n ní ẹni náà ò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò," ni Jẹ́jẹ́ wí.